Páálí Méjì sí Ireland Méjì: Ohun Tí Mo Rí Lọ́wọ́ Ilé-Iṣẹ́ Akẹ́rù Kan ní Ìbàdàn

Ó ti tó ọdún kan tí mo ti ń lo ilé-iṣẹ́ kan níhìn-ín ní Ìbàdàn tó máa ń bá èèyàn kó oúnjẹ ránṣẹ́ sí òkè òkun. Ìgbà mẹ́ta ni mo ti gbé ẹrù fún wọn, mo sì rò pé ó yẹ kí n kọ ohun tí ojú mi rí sílẹ̀ fún àwọn òbí bíi tèmi tí ọmọ wọn wà ní ìhà ibẹ̀. N kò ní dárúkọ wọn. Àṣìṣe kan wà nínú ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ tí n kò fẹ́ kó bà wọ́n lórúkọ jẹ́, àṣìṣe náà kì í sì í ṣe tiwọn nìkan, nítorí pé mo béèrè ohun kan náà lọ́wọ́ àwọn akẹ́rù mìíràn ní Mọ́kọ́lá àti ní Dùgbẹ̀, ìdáhùn kan náà ni wọ́n sì fún mi.

Nọ́ọ̀sì ni ọmọ mi obìnrin ní ìlú Derry, ní Àríwá Ireland, èyí tó wà lábẹ́ ìjọba London. Ọmọ àbúrò mi ọkùnrin sì ń ṣiṣẹ́ ní Letterkenny, ní agbègbè Donegal, tó jẹ́ ti Orílẹ̀-èdè Olómìnira Ireland, tí olú-ìlú rẹ̀ jẹ́ Dublin. Ọ̀nà tó wà láàárín ìlú méjèèjì kò tó 40 kìlómítà. Ẹni tó bá ti Ìbàdàn lọ sí Ọ̀yọ́ ti rìn jù bẹ́ẹ̀ lọ. Nítorí náà, nígbà tí mo lọ sí ọjà Bódìjà láti ra èlùbọ́, gaàrí, ẹ̀gúsí, ata gígún, irú àti ẹja gbígbẹ fún àwọn méjèèjì, ohun kan náà ni mo rà ní méjì-méjì, mo sì gbé páálí méjì tó dọ́gba lọ sọ́dọ̀ àwọn akẹ́rù náà.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ohun tí wọ́n ṣe dáadáa, nítorí pé ó pọ̀. Ilé wọn mọ́, wọn kì í sì í fi ẹrù sílẹ̀ lórí ilẹ̀ẹ́lẹ̀. Ojú oníbàárà ni wọ́n ti ń wọn ẹrù, tí wọ́n sì máa ń jẹ́ kó rí nọ́ńbà tó hàn lórí òṣùwọ̀n kí wọ́n tó kọ rìsíìtì. Wọ́n tú páálí mi, wọ́n fi ọ̀rá méjì di irú kí òórùn rẹ̀ má baà ran èlùbọ́, wọ́n sì yọ pọ̀nmọ́ àti kìlíṣí tí mo fi há ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ jáde, wọ́n ṣàlàyé fún mi pẹ̀lú ọ̀wọ̀ pé ẹran láti Nàìjíríà kò gbọdọ̀ wọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tàbí Yúróòpù nínú ẹrù èèyàn. Wọ́n yọ ẹ̀wà pẹ̀lú. Òótọ́ ni wọ́n sọ: láti ọdún 2015 ni Àjọ Ìṣọ̀kan Yúróòpù (EU) ti fi òfin de ẹ̀wà gbígbẹ tó bá ti orílẹ̀-èdè wa wá, nítorí oògùn apakòkòrò tí wọ́n ń bá nínú rẹ̀. Inú mi dùn pé wọ́n mọ̀ ọ́n.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti wọ́ ni ìgbà tí ọmọbìnrin tó ń gba ẹrù kọ àdírẹ́sì. Ó kọ “Ireland” sórí fọ́ọ̀mù kìíní, ó sì kọ “Ireland” sórí ìkejì. Mo sọ fún un pé orílẹ̀-èdè méjì ni. Ó rẹ́rìn-ín músẹ́, ó ní, “Mọ̀mí, Ireland kan náà ni.” Iye kan náà ni wọ́n gbà lórí méjèèjì, ọjọ́ mẹ́wàá kan náà ni wọ́n sì ṣèlérí. Ó yẹ kí n ti dúró lórí ọ̀rọ̀ mi, ṣùgbọ́n àwọn èèyàn wà lẹ́yìn mi, mo sì gbà.

Páálí Derry dé ní ọjọ́ kẹsàn-án. Ti Letterkenny kò dé. Wọ́n ti kó méjèèjì lọ sí ilé ìkẹ́rùsí wọn ní London, láti ibẹ̀ ni wọ́n sì ti fi wọ́n ránṣẹ́ bí ẹni pé ibì kan náà ni wọ́n ń lọ, láìmọ̀ pé èyí tó ń lọ sí Letterkenny ń kúrò ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì wọ inú Àjọ EU, àti pé ó nílò ìwé aṣọ́bodè tirẹ̀, tó ń sọ ohun tó wà nínú rẹ̀ àti iye tó tó. Kò sí ìwé kankan lára rẹ̀. Ọjọ́ mọ́kàndínlógún ló fi jókòó sí Dublin, lẹ́yìn náà ni wọ́n ní kí ọmọ àbúrò mi san owó ibodè àti owó ìdádúró kí ó tó gbà á. Ẹja náà kò bàjẹ́, mo dúpẹ́, ṣùgbọ́n owó tó san fẹ́rẹ̀ẹ́ tó owó tí mo fi ra gbogbo ohun tó wà nínú páálí náà.

Mo padà lọ bá wọn. Ọmọbìnrin náà bẹ̀ mí, ó kúnlẹ̀ gan-an, mo sì dárí jì í. Ohun tó wá sọ lẹ́yìn ẹ̀bẹ̀ ló jẹ́ kí n jókòó kọ ìwé yìí. Ó ní, “Mọ̀mí, nígbà míràn ẹ jẹ́ ká kó méjèèjì sí Derry, kí àǹtí gbé ti bùọ̀dá kọjá fún un. Kò sí bọ́dà níbẹ̀ mọ́.”

Mo fi ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n kọ́ àwọn ọmọ ilé-ìwé girama ní ẹ̀kọ́ nípa ìjọba ní ìlú yìí, mo sì mọ ohun tí gbólóhùn yẹn ná àwọn tó jẹ́ kó rí bẹ́ẹ̀. Ní 1921 ni wọ́n pín erékùṣù Ireland sí méjì, tí agbègbè mẹ́fà ní àríwá sì kù sọ́wọ́ ìjọba London. Láti òpin àwọn ọdún 1960 ni ìjà ti gbóná láàárín àwọn tó fẹ́ kí àríwá dúró ti Gẹ̀ẹ́sì àti àwọn tó fẹ́ kí ó dara pọ̀ mọ́ Dublin, nǹkan bí 3,500 èèyàn ló sì kú láàárín ọgbọ̀n ọdún. Nígbà náà, àwọn sójà wà lórí òkè, wọ́n ń fi awò wo ọ̀nà. Wọ́n dí àwọn ọ̀nà kéékèèké tí àwọn àgbẹ̀ ń gbà. Aṣọ́bodè sì ń tú ọkọ̀ wò. Ọjà kan ṣoṣo ti Yúróòpù, níbi tí ẹrù ti ń kọjá láti orílẹ̀-èdè kan sí èkejì láìsí aṣọ́bodè, tó bẹ̀rẹ̀ ní 1993, ló mú àwọn aṣọ́bodè kúrò. Àdéhùn àlàáfíà tí wọ́n ṣe ní Belfast ní ọjọ́ 10 oṣù Kẹrin ọdún 1998 ló sì la ọ̀nà tí àwọn sójà fi lọ. Láti ìgbà náà, ààlà tó gùn tó nǹkan bí 500 kìlómítà, tí ọ̀nà tó lé ní 200 gba orí rẹ̀ kọjá, di ohun tí èèyàn lè kọjá láìmọ̀ pé òun kọjá nǹkan kan, àfi tó bá ṣàkíyèsí pé iye tó wà lójú pátákó ọ̀nà ti yí láti máìlì sí kìlómítà.

Lẹ́yìn náà ni Brexit dé, ìyẹn kíkúrò tí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kúrò nínú Àjọ EU. Ní ọjọ́ 23 oṣù Kẹfà ọdún 2016, ìdá 51.9 nínú ọgọ́rùn-ún àwọn tó dìbò ní gbogbo ilẹ̀ tó wà lábẹ́ ìjọba London ní kí àwọn kúrò nínú Àjọ EU; ní Àríwá Ireland, ìdá 55.8 ló ní kí àwọn dúró. Theresa May, tó gba ipò Olóòtú Ìjọba lẹ́yìn David Cameron, ṣèlérí pé ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì yóò jáde kúrò nínú ọjà kan ṣoṣo àti nínú ìṣọ̀kan owó ibodè, ìyẹn àdéhùn pé owó ibodè kan náà ni gbogbo wọn á máa gbà, pé kò ní sí aṣọ́bodè lórí ààlà Ireland, àti pé kò ní sí ìdènà láàárín Àríwá Ireland àti ìyókù ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Yorùbá ní ẹni tó bá lé eku méjì á pòfo. Eku mẹ́ta ni obìnrin yìí ń lé. Bí ìlú méjì bá ní òfin ọjà tó yàtọ̀ síra, ibì kan gbọ́dọ̀ wà tí wọ́n á ti máa wo ẹrù: bí kò bá jẹ́ orí ilẹ̀, orí òkun ni.

Mo tẹ̀ lé ọ̀rọ̀ náà lórí rédíò lójoojúmọ́ nígbà náà, mo sì rántí rẹ̀ dáadáa. Ó pe ìdìbò ní oṣù Kẹfà ọdún 2017 láti fi kún agbára rẹ̀, ó sì pàdánù ọ̀pọ̀ tó ní nílé ìgbìmọ̀, débi pé ọ̀dọ̀ àwọn ọmọ ilé ìgbìmọ̀ mẹ́wàá láti DUP, ẹgbẹ́ òṣèlú Àríwá Ireland tó fẹ́ kí àríwá dúró ti Gẹ̀ẹ́sì, ló ti lọ wá àtìlẹ́yìn. Ní ọjọ́ 4 oṣù Kejìlá ọdún náà, ó wà ní Brussels lọ́dọ̀ àwọn aláṣẹ EU, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ fọwọ́ sí ọ̀rọ̀ ààlà, nígbà tí Arlene Foster, olórí DUP, bá a sọ̀rọ̀ lórí fóònù pé àwọn kò gbà. Ó ní láti dúró títí di ọjọ́ 8. Nígbà tí àdéhùn rẹ̀ jáde ní oṣù Kọkànlá ọdún 2018, ètò tí wọ́n pè ní backstop wà nínú rẹ̀, èyí tí yóò jẹ́ kí gbogbo ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì wà nínú ìṣọ̀kan owó ibodè pẹ̀lú Yúróòpù títí wọ́n á fi rí ọ̀nà mìíràn tí kò ní dá bọ́dà padà sí Ireland. Àwọn ọmọ ẹgbẹ́ rẹ̀ ní ìdè tí kò lópin ni. Dominic Raab, mínísítà tó ń bójú tó Brexit, kọ̀wé fipò sílẹ̀. Ní ọjọ́ 15 oṣù Kìíní ọdún 2019, ìbò 432 ta ko 202 ni ilé ìgbìmọ̀ fi kọ àdéhùn náà. Wọ́n tún kọ̀ ọ́ ní ọjọ́ 12 oṣù Kẹta, wọ́n sì tún kọ̀ ọ́ ní ọjọ́ 29 oṣù náà, ọjọ́ tó yẹ kí wọ́n ti jáde gan-an. Ààlà Ireland ló gba ipò lọ́wọ́ Theresa May.

Boris Johnson gba ipò Olóòtú Ìjọba lẹ́yìn rẹ̀ ní oṣù Keje.  Ní oṣù Kẹwàá ó pàdé Leo Varadkar, olórí ìjọba Ireland, lẹ́yìn náà ni àdéhùn tuntun jáde: kò ní sí aṣọ́bodè lórí ilẹ̀, Àríwá Ireland yóò máa tẹ̀ lé òfin ọjà Yúróòpù lórí ẹrù, orí òkun tó wà láàárín rẹ̀ àti ìyókù ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n á sì ti máa wo ẹrù. Òun ló bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọjọ́ kìíní ọdún 2021.

Àwa náà mọ ohun tí bọ́dà ń ṣe. Ní oṣù Kẹjọ ọdún 2019 yẹn kan náà ni ìjọba Nàìjíríà ti ibodè orí ilẹ̀ wa pa, tó sì jẹ́ pé oṣù Kejìlá ọdún 2020 ni wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣí i. Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ wa bá orílẹ̀-èdè Benin pààlà. Àwọn èèyàn wa wà ní Kétu àti Ṣábẹ̀ẹ́ ní òdìkejì ìlà tí Gẹ̀ẹ́sì àti Faransé fà láìbi ẹnikẹ́ni léèrè. Mo rántí bí owó ìrẹsì ṣe lọ sókè ní Bódìjà láàárín ọ̀sẹ̀ díẹ̀, mo sì rántí àwọn obìnrin oníṣòwò tó ń ti ìhà Ṣakí wá tí wọ́n jókòó láìní ọjà. Ẹni tó bá rí ìyẹn kò ní fi ọwọ́ yẹpẹrẹ mú ìbẹ̀rù àwọn ará Derry.

Ṣùgbọ́n ibi tí ìmọ̀ràn ọmọbìnrin akẹ́rù yẹn ti léwu gan-an nìyí. Òótọ́ ni pé kò sí aṣọ́bodè lójú ọ̀nà Derry sí Letterkenny. Òótọ́ ni pé ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti ọmọ Ireland lè kọjá síwá sẹ́yìn bí wọ́n ṣe fẹ́, nítorí àdéhùn àtijọ́ kan tó wà láàárín ìjọba méjèèjì, tó ti wà ṣáájú kí ẹnikẹ́ni nínú wọn tó wọ Yúróòpù. Àdéhùn yẹn kò kan ọmọ Nàìjíríà. Físà ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ló wà lọ́wọ́ ọmọ mi. Bí ó bá fẹ́ wọ Letterkenny, ó gbọ́dọ̀ gba físà Ireland. Ọmọ àbúrò mi náà nílò físà Gẹ̀ẹ́sì kí ó tó dé Derry. Àwọn ọlọ́pàá Ireland sì máa ń wọ bọ́ọ̀sì nítòsí ààlà láti béèrè ìwé. Ọmọ tó gbé páálí èlùbọ́ kọjá níbẹ̀ láìní físà lè pàdánù iṣẹ́ tó fi ọdún púpọ̀ wá. Gbogbo àríyànjiyàn tó wó ìjọba ní London, wọ́n jà á kí ìlà yẹn má baà hàn sí àwọn tó ń gbé lórí rẹ̀. Ó ṣì hàn kedere sí ọmọ mi, ó sì hàn sí i kí Brexit tó dé. Bọ́dà tí kò sí fún ọmọ onílẹ̀, ó wà fún ọmọ wa, ilé-iṣẹ́ tó bá ń gba owó wa láti kó ẹrù lọ síbẹ̀ gbọ́dọ̀ mọ̀ bẹ́ẹ̀ kí wọ́n tó la ẹnu gbà wá nímọ̀ràn.

Mo sọ gbogbo èyí fún ọ̀gá ilé-iṣẹ́ náà, ọkùnrin kan tó kéré sí mi lọ́jọ́ orí dáadáa. Bí ó ṣe gbọ́ ọ ni mo fi mọ irú èèyàn tó jẹ́. Kò jiyàn. Ó ní, “Ẹ má bínú, mà, a kò mọ̀ ọ́n báyìí.” Ó gbé ìwé jáde, ó ní kí n tún un sọ, ó sì ń kọ ọ́. Ó dá apá kan lára owó tí ọmọ àbúrò mi san padà fún mi, láìjẹ́ pé mo béèrè. Mo kà á sí ìwà ọmọlúwàbí.

Nígbà kejì, fọ́ọ̀mù méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni mo bá níbẹ̀, ọ̀kan fún Àríwá Ireland, ọ̀kan fún Orílẹ̀-èdè Olómìnira Ireland. Páálí Derry gba London. Ẹ̀bùn láti ọwọ́ ẹnìkan sí ẹnìkan láti ibẹ̀ sí Àríwá Ireland kò nílò ìwé aṣọ́bodè. Ti Letterkenny kò gba London mọ́, tààrà sí Dublin ni ọkọ̀ òfuurufú gbé e, pẹ̀lú ìwé tó to gbogbo ohun tó wà nínú rẹ̀ lẹ́sẹẹsẹ àti iye owó rẹ̀. Ọ̀gá náà ló ṣàlàyé fún mi pé ẹ̀bùn tí iye rẹ̀ kò bá ju yúrò 45 lọ máa ń wọlé láìsan owó ibodè, nítorí náà ó gbà mí nímọ̀ràn pé kí n dín ẹ̀gúsí àti ẹja kù, kí n má sì parọ́ iye. Owó ọkọ̀ ti Letterkenny fi díẹ̀ wọ́n ju ti Derry lọ. Ó dé ní ọjọ́ kejìlá, kò sì sí ẹni tó ní kí ọmọ àbúrò mi san kọ́bọ̀. Bákan náà ló rí nígbà kẹta.

Orúkọ ìlú ọmọ mi náà fa ọ̀rọ̀ díẹ̀. Àwọn kan ń pè é ní Derry, àwọn tó fẹ́ràn London sì ń pè é ní Londonderry, orúkọ tí èèyàn bá sì pè lè sọ ẹ̀gbẹ́ tó wà fún ẹni tó ń gbọ́. Ọmọ mi ní kí a máa fi nọ́ńbà ìfìwéránṣẹ́ rẹ̀ síwájú, kí a sì kọ orúkọ méjèèjì. Wọ́n gbà, wọ́n sì kọ ọ́ bẹ́ẹ̀.

Wọ́n ṣì ní ibi tí wọ́n kù sí. Òfin ibẹ̀ kò dúró lójú kan: ní oṣù Kejì ọdún 2023 ni Rishi Sunak, Olóòtú Ìjọba ní London nígbà náà, àti Ursula von der Leyen, olórí ìgbìmọ̀ aláṣẹ EU, tún àdéhùn orí òkun náà ṣe ní Windsor, tí wọ́n dá ọ̀nà méjì sílẹ̀ fún ẹrù, ọ̀kan fún èyí tí yóò dúró sí Àríwá Ireland, ọ̀kan fún èyí tó lè kọjá sí ìhà Dublin, DUP, tó ti fi ìbínú kúrò nínú ìjọba Belfast láti oṣù Kejì ọdún 2022, kò padà títí di oṣù Kejì ọdún 2024, ètò tuntun lórí páálí sì tún bẹ̀rẹ̀ ní oṣù Karùn-ún ọdún 2025. Nígbà tí mo béèrè lọ́wọ́ àwọn òṣìṣẹ́ tó wà níwájú bóyá wọ́n mọ̀ nípa ti 2025 yìí, kò sí ẹni tó mọ̀ ọ́n àfi ọ̀gá wọn nìkan. Èyí kò dára. Ọ̀gá kì í sí nílé lójoojúmọ́, ẹni tó bá sì dé ní ọjọ́ tí kò sí lè bá “Ireland kan náà ni” pàdé.

Ohun kejì ni ìwé tó ń sọ ohun tí a kò gbọdọ̀ fi ránṣẹ́. Èdè Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi kọ ọ́, ó sì kéré lójú. Ìyá kan tó jókòó tì mí nígbà kẹta fẹ́ fi pọ̀nmọ́ ránṣẹ́ sí ọmọ rẹ̀ ní Belfast. Ó di ẹsẹ̀ òṣùwọ̀n kó tó mọ̀ pé kò ṣeé ṣe, ó sì ti ná owó rẹ̀. Mo bẹ ọ̀gá náà pé kó jẹ́ kí n bá wọn kọ ọ́ ní Yorùbá, kí wọ́n sì lẹ̀ ẹ́ mọ́ ara ògiri ní ibi tí ojú àwọn àgbàlagbà lè tó. Ó gbà. Mo ti kọ ọ́ fún wọn láti ọ̀sẹ̀ mẹ́rin sẹ́yìn, kò sì tíì sí lára ògiri nígbà tí mo yọjú síbẹ̀ lọ́jọ́ Ajé.

Mo ṣì máa gbé ẹrù ọdún Kérésìmesì fún wọn. Bí ẹ bá fẹ́ lò wọ́n tàbí ilé-iṣẹ́ mìíràn tó jọ wọ́n, ẹ lọ ní ọjọ́ tí ọ̀gá bá wà, kí ẹ béèrè fọ́ọ̀mù méjèèjì kí ẹ tó sanwó, kí ẹ sì kà á lójú wọn pé èyí tí wọ́n fún yín bá ìhà tí ọmọ yín ń gbé mu.